Èèpo Ẹ̀gẹ́, Ewé Agúnmaníyè àti Ewúrẹ́ Àgbàlá

Bí ẹ bá ṣí ìwé ìtàn ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Yorùbá, kòkó ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé. Lẹ́yìn kòkó, epo pupa. Lẹ́yìn epo, òwú, obì àti ojú irin. Ẹ lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán láì rí ewúrẹ́ kan ṣoṣo. Èyí yà wá lẹ́nu, nítorí pé nínú àwa tí a jọ ń kọ̀wé síbí, ó ju ẹnì kan lọ tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà rẹ̀ ta ewúrẹ́ kí owó iléèwé tó pé. A bi ara wa léèrè: kò sí ẹni tí wọ́n ta kòkó fún nínú wa.

Ìtàn ewúrẹ́ nídìí ẹbọ tàbí nídìí ìnáwó kọ́ ni a fẹ́ sọ lónìí. Oúnjẹ rẹ̀ ni: ohun tó ń jẹ, ẹni tó ń fún un, ohun tó máa ń kù nínú oúnjẹ náà, àti bí àwọn onímọ̀ ṣe wá láti ọ̀nà jíjìn láti fi kún un ní Ìbàdàn àti ní agbègbè Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n rí òtítọ́ kan tó dára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òtítọ́ náà lẹ́yìn ìyẹn ló mú wa gbé kálàmù.

Ewúrẹ́ tí à ń wí ni ewúrẹ́ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tó kún ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní West African Dwarf. Àrùn tí eṣinṣin tsẹ̀tsẹ̀ ń gbé kiri, tó máa ń pa ẹṣin àti màlúù nínú igbó, ewúrẹ́ yìí máa ń fara dà á. Ìdí nìyẹn tí agbo ilé tí kò lè sin màlúù kan fi lè ní ewúrẹ́ mẹ́ta mẹ́rin. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ti obìnrin. Ẹni tí kò ní owó láti ra abo lè gba ti ẹlòmíràn sìn, kí àwọn méjèèjì máa pín ọmọ tó bá bí. Báǹkì obìnrin ni, àfi pé báǹkì yìí máa ń jẹun.

Kí ló ń jẹ? Ní ayé iṣu, èèpo iṣu ló kọ́kọ́ ń rí láàárọ̀. Bí wọ́n bá sẹ́ ògì, èèrí rẹ̀ di tirẹ̀. Èèpo ẹ̀wà, háhá àgbàdo, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìsàlẹ̀ ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sí iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé àti etí igbó láti já ewé. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni í ti í jẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá àtijọ́, wọn kì í so ó rárá. Ó ń rìn gbéregbère, ìrìn yẹn gan-an ló sì ń tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe. Ohun tí èèpo kò ní, ewé tó já ní ọ̀nà ń fún un. Kò sí ẹni tó ṣètò rẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gẹ́ dé. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun Áfíríkà láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó di oúnjẹ pàtàkì nílẹ̀ wa. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní oró sáyánáìdì nínú, ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ kò lè jẹ ẹ́. Àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àti àwọn Sàró pẹ̀lú, wà lára àwọn tó mú ìmọ̀ gàrí tàn kálẹ̀: kí á rin ín, kí á dì í sínú àpò kó kan, kí á fún omi rẹ̀, kí á jọ̀ ọ́, kí á yan án. Ní gbogbo ibi tí gàrí bá dé, èèpo ń bá a dé. Nínú ẹ̀gẹ́ tí obìnrin bá bẹ, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni yóò di èèpo, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oró náà sì pọ̀ nínú èèpo ju inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ìyá wa kò gbọ́ orúkọ sáyánáìdì rí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé èèpo tútù lè pa ewúrẹ́. Wọ́n ń sá a sóòrùn títí yóò fi rọ tàbí gbẹ. Ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà gbà pẹ̀lú wọn: oòrùn àti rírọ ń lé ọ̀pọ̀ oró náà lọ.

Ohun tó yí nǹkan padà pátápátá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tí kò jìnnà sí wa. Ní 1967 ni wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1971, ọmọ Korea kan, Sang Ki Hahn, dé síbẹ̀ láti mú ẹ̀gẹ́ tó lè dojú kọ àrùn jáde. Àwọn irúgbìn tó jáde lọ́wọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bíi TMS 30572, tàn kálẹ̀ gan-an. Àwọn ará Ìkirè tiẹ̀ fi í jẹ Ṣéríkí Àgbẹ̀ ní 1983, oyè tí a rò pé ó tọ́ sí i. Nígbà tí ìjọba wá gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, tí ìrẹsì àti àlìkámà òkèèrè wọ́n gógó, gàrí gba àyè wọn nínú ìkòkò. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ dé ìletò. Nàìjíríà borí Brazil, ó sì di orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé.

Èèpo di òkè. Èyí tó jẹ́ apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìnkùlé di òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tó ń rùn, tí wọ́n ń dáná sun. Ẹni tó bá wo òkìtì yẹn yóò rò pé ìṣòro oúnjẹ ewúrẹ́ ti tán. Kò tán.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ikùn ewúrẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ewúrẹ́ jẹ́ ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Nínú ikùn rẹ̀ ńlá, ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò lè rí, bakitéríà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ló ń bá a fọ́ oúnjẹ. Wọ́n ń sọ koríko, ewé àti èèpo di ohun tí ara rẹ̀ lè lò. Nígbà tí àwọn fúnra wọn bá kú, wọ́n di ẹran ara fún un. Tí a bá ń bọ́ ewúrẹ́, àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ni à ń kọ́kọ́ bọ́. Wọ́n nílò agbára, wọ́n sì nílò náítírójìn, èyí tí ó wà nínú purotéènì. Èèpo ẹ̀gẹ́ kún fún agbára. Purotéènì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí gbogbo oúnjẹ ewúrẹ́ bá wọ ìsàlẹ̀ nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ inú ikùn yẹn á dẹwọ́, oúnjẹ á pẹ́ níbẹ̀, ewúrẹ́ kò ní lè jẹ tó bó ṣe yẹ. Ẹ ó rí i tó yó, ikùn rẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ń rù. Ẹni tó ní i á máa wí pé ayé ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí wá di pàtàkì fún ILCA, iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀sìn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974 ní Addis Ababa. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, wọ́n fi ẹ̀ka kan sí Ìbàdàn nínú ọgbà IITA láti wo ewúrẹ́ àti àgùntàn ilẹ̀ olójò. Oúnjẹ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. Ikú ni. PPR, àjàkálẹ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní kata, tí ń mú imú ewúrẹ́ ṣọyún, tí ń da inú rẹ̀ dà, lè gbá agbo kan mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ àrùn náà ní 1942. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn màlúù, rinderpest, ni wọ́n ń fi dáàbò bo ewúrẹ́ nígbà náà. Ó tún yẹ ká dá Nàìjíríà lọ́lá níbí: kòkòrò àrùn tí wọ́n gbà lára ewúrẹ́ nílẹ̀ wa ní 1975 ni wọ́n sọ di abẹ́rẹ́ tí a mọ̀ sí Nigeria 75/1, òun sì ni wọ́n ń lò káàkiri ayé títí di òní láti gbógun ti PPR.

Nígbà tí ewúrẹ́ kò kú mọ́, wọ́n ń pọ̀ sí i, ìbéèrè oúnjẹ sì dé. Ìdáhùn ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Láti 1976 ni B. T. Kang ní IITA ti ń dán nǹkan kan wò nítorí ilẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹran. Ó ń gbin igi tí ń dàgbà kíákíá, Leucaena àti Gliricidia, ní ìlà ìlà, ó sì ń gbin àgbàdo sí àárín wọn. Bí igi bá ga, wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀, ewé á bọ́ sílẹ̀ di ajílẹ̀. Àwọn ará ILCA wò ó, wọ́n ní: bí ewé yìí bá lè bọ́ ilẹ̀, ó lè bọ́ ewúrẹ́ pẹ̀lú. Purotéènì inú ewé méjèèjì ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí èèpo ẹ̀gẹ́, ìwọ̀n á sì bọ́ sípò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ ní Òwu-Ilé àti Ìwó-Atẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́.

Èrò náà rọrùn lójú, ó sì lágbára: ewé fún ìyá ewúrẹ́ nígbà tó bá lóyún àti nígbà tó bá ń fọ́mọ lọ́mú, kí wàrà rẹ̀ pọ̀, kí ọmọ má bàa kú. Gbogbo ẹni tó ti sin ewúrẹ́ mọ̀ pé bíbí kọ́ ni ìṣòro ewúrẹ́ ilé wa, ó máa ń bí ìbejì, ó ń bí ìbẹta. Kí ọmọ tó bí lè pé oṣù mẹ́ta ni ìṣòro.

Ní November 1988, IITA, ILCA àti Yunifásítì Ìbàdàn pe ìpàdé ńlá ní Ìbàdàn lórí bí ẹ̀gẹ́ ṣe lè di oúnjẹ ẹran ní Áfíríkà. Orí èèpo ni púpọ̀ nínú àròyé náà já sí. Ní Ifẹ̀, àwọn olùkọ́ ń dán ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ wò pẹ̀lú èèpo ẹ̀gẹ́, torí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀. (Ẹ má ṣe yínmú. Inú ikùn ewúrẹ́ kì í bèèrè ibi tí náítírójìn ti wá.) Àwọn mìíràn lo yúríà, ajílẹ̀ funfun yẹn, díẹ̀díẹ̀. Yúríà dára bí ọwọ́ bá mọ ìwọ̀n. Bí ó bá pọ̀ jù, ewúrẹ́ á kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Fún obìnrin tí ewúrẹ́ mẹ́rin jẹ́ gbogbo ohun tó ní, ewu yẹn tóbi jù, a kò sì dá a lẹ́bi.

Leucaena náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ó ní èròjà kan, mimosine, tó lè mú irun ẹran re, kó sì da ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ rú bí ó bá jẹ ẹ́ ní àjẹjù. Ní Australia, màlúù ń ṣàìsàn nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ Hawaii ń jẹ ẹ́ láìfara pa. Onímọ̀ kan, Raymond Jones, fura pé inú ikùn ewúrẹ́ Hawaii ni àṣírí wà. Wọ́n bu omi ikùn wọn lọ sí Australia ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n dà á sínú ẹran ibẹ̀, àìsàn náà sì lọ. Ní 1992 ni bakitéríà tó ń ṣe iṣẹ́ náà gba orúkọ, Synergistes jonesii, nítorí Jones. A kò lè fo ìtàn yìí, ó dùn mọ́ wa jù.

Kí ló wá dé tí ìlà igi yẹn kò fi kún oko wa lónìí? Ọ̀pọ̀ ìdí ni àwọn onímọ̀ kà: iṣẹ́ gígé igi ń bọ́ sí àsìkò tí ọwọ́ dí, igi ń bá àgbàdo du omi, èrè rẹ̀ ń pẹ́. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ká wa lára jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Lábẹ́ àṣà wa, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́. Igi ni kò gbọdọ̀ gbìn láì gbàṣẹ, torí igi tó bá dúró ogún ọdún lè di ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Kòkó ló kọ́ àwọn onílẹ̀ ní ẹ̀kọ́ yẹn, wọn kò sì gbàgbé. Ẹ wá wo ibi tí obìnrin wà. Òun ló ni ewúrẹ́. Òun ló ni èèpo. Ilẹ̀ kì í sábà jẹ́ tirẹ̀. Oko ọkọ rẹ̀ tàbí ti ẹbí ọkọ rẹ̀ ló ń dá. Ìdájọ́ tiwa ni pé wọ́n kọ ìwé oògùn náà dáadáa, ṣùgbọ́n ojúlé mìíràn ni wọ́n jù ú sí: ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ilẹ̀, nígbà tí ewúrẹ́ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ní èèpo.

Síbẹ̀ ewé náà kò lọ. Gliricidia kì í ṣe àjèjì tí IITA gbé dé. Ilẹ̀ Àárín Amẹ́ríkà ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣíji bo kòkó, tí àwọn elédè Spanish ibẹ̀ sì ń pè é ní ìyá kòkó. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ wa débi tó fi ní orúkọ Yorùbá, agúnmaníyè. Wọ́n ń fi í ṣe ọgbà yí ilé ká, wọ́n ń fi í ṣe ọ̀pá iṣu. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kan, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, ó ti di igi. Igi ọgbà kò sì bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀, torí ibi tí ààlà wà tẹ́lẹ̀ náà ló dúró sí. Ewúrẹ́ lè kọ̀ ọ́ ní tútù nítorí òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rọ fún ọjọ́ kan, á jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni apá tí kò nílò ilẹ̀ nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ṣe kù sọ́wọ́ àwọn ìyá.

Ó sì wúlò nísinsìnyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlú ti kún. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ̀fọ́ aládùúgbò di ẹjọ́, èyí tó bá bọ́ sí títì di ẹran mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ló ti wà ní ìso tàbí nínú ọgbà. Ewúrẹ́ tó wà ní ìso kò lè lọ wá ewé tirẹ̀ mọ́, ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ nìkan ló ní. Ìrìn gbéregbère tó ń tún oúnjẹ ṣe láyé ìyá ìyá wa ti di iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

Èèpo fúnra rẹ̀ sì ti di ọjà. Láti nǹkan bí 2015 ni ILRI, èyí tí a dá sílẹ̀ nígbà tí ILCA àti iléeṣẹ́ ìwádìí mìíràn di ọ̀kan, àti IITA ti ń polongo ọ̀nà kan ní Ìbàdàn: kí á rin èèpo tútù bí ẹ̀gẹ́, kí á fún omi rẹ̀, kí á kù ú, kí á sá a. Èyí tó ń lo ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó gbẹ lè gbẹ láàárín wákàtí mélòó kan, kò sì ní hu. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran. Adìẹ ń jẹ ẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ ẹ́, ẹja ń jẹ ẹ́. Ohun tó dára ni, èéfín òkìtì tí wọ́n ń sun á dínkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí iléeṣẹ́ oúnjẹ adìẹ bá dé ìdí òkìtì pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, ta ni yóò rántí obìnrin tó ń wá pẹ̀lú agbọ̀n?

A béèrè ìyẹn níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, lọ́wọ́ ìyá kan tó ń di èèpo sínú àpò. Ọ̀kan nínú wa kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣé ẹ̀bùn ni wọ́n fi èèpo yìí ṣe fún yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bùn kẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìgbà wo lẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ kẹ́yìn? Tẹ́lẹ̀, àwọn ni wọ́n ń bẹ̀ wá pé ká wá kó o. Nísinsìnyí, owó àpò méjì ni mo san, mo tún bá wọn gbálẹ̀."

"Ṣé èèpo nìkan ni ẹ̀ ń fún wọn, Mà?"

"Èèpo nìkan? Kí wọ́n máa wú bí ìlù?" Ó nawọ́ sí ọgbà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lódìkejì títì, níbi tí agúnmaníyè ti yọ òdòdó aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́. "Bí mo bá ń lọ, màá gé ti ibẹ̀ yẹn. Ẹ bá mi gbé èyí rù, ẹ̀yin ọmọ dáadáa."

A gbé àpò kan rù ú, a bá a gbé èkejì dé ìdí ọgbà náà.